Orí Keje: Òróró Àlòkù Nínú Ẹ́ńjìnnì Dísù

Ẹ́ńjìnnì dísù kò kọ òróró. Ibẹ̀ ló yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ti bẹ̀rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò pé àrà tí àwọn òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá ni fífi òróró wa ọkọ̀. Níbi ìpàtẹ ńlá tó wáyé ní Paris lọ́dún 1900, ilé iṣẹ́ Otto gbé ẹ́ńjìnnì dísù kékeré kan kalẹ̀ tó ń fi òróró ẹ̀pà ṣiṣẹ́. Nígbà tí Rudolf Diesel, ará Jámánì tí ẹ́ńjìnnì náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ń ròyìn ọ̀rọ̀ yìí lọ́dún 1912, ó ní epo inú ilẹ̀ ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe ẹ́ńjìnnì ọ̀hún, wọn kò sì tún nǹkan kan ṣe lára rẹ̀ kí wọ́n tó bu òróró sí i. Síbẹ̀ ó ṣiṣẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ débi pé ìwọ̀nba ènìyàn ló fura. Ìjọba Faransé ló ní kí wọ́n dán an wò, ilẹ̀ Áfíríkà tó wà lábẹ́ wọn ni wọ́n sì ní lọ́kàn: ẹ̀pà pọ̀ níbẹ̀, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn ará ibẹ̀ lè máa fi ohun tó ń hù nílẹ̀ wọn ṣe agbára láìra èédú tàbí epo láti òkèèrè. Lọ́dún 1937, G. Chavanne ti Yunifásítì Brussels gba ìwé àṣẹ lórí ọ̀nà tí a lè gbà sọ òróró di epo ọkọ̀. Nígbà tó fi máa di ọdún 1938, bọ́ọ̀sì akérò kan ti ń fi epo tí wọ́n ṣe láti ara epo pupa ná ọ̀nà Brussels sí Louvain. Ọ̀rọ̀ ẹ̀pà àti ọ̀pẹ ilẹ̀ wa ni ọ̀rọ̀ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀.

Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí gbogbo ọkọ̀ akẹ́rù tó ń gba Kàbà kọjá fi ń ra dísù títí dòní? Ìbéèrè náà túbọ̀ mú láti ọdún 2022, nígbà tí ogun Rọ́ṣíà àti Ukraine gbé owó epo sókè, tí lítà dísù kan, tó wà ní nǹkan bí ₦290 ní Nàìjíríà nígbà tí ọdún náà wọlé, fi kọjá ₦800 kí ó tó parí. Kò sí ìlú tó wà lójú ọ̀nà ọkọ̀ ńlá tí kò mọ ìyẹn lára. Kàbà wà ní ìkòríta ilẹ̀ Òkun, láàárín Bùnú, Ìjùmú àti Yàgbà; títì oníkọnkéré tó gùn tó kìlómítà 43 sì so ó pọ̀ mọ́ Ọbájànà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ǹtì. Awakọ̀ akẹ́rù, ẹni tó ń rin ẹ̀gẹ́, ẹni tó ń fi jẹnẹrétọ̀ fa omi, gbogbo wọn ló ń náwó lórí ohun kan náà. Ìdáhùn tí orí yìí ń gbè lẹ́yìn ni pé ẹ́ńjìnnì kọ́ ni ìdíwọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni gbogbo ènìyàn ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Ìwọ̀n òróró tó wà nílẹ̀ àti irú iṣẹ́ tí ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan ń ṣe ló yẹ kó pinnu ibi tí òróró àlòkù máa lọ. Ẹni tó bá fi méjèèjì yìí ṣe ìṣirò ní Kàbà yóò rí i pé ẹ̀rọ ìlọta ló kàn kí ó tó kan ọkọ̀ ojú títì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì, torí àtakò àwọn mẹkáníìkì, tí wọ́n ní òróró ń ba ẹ́ńjìnnì jẹ́, kì í ṣe ẹnu lásán. Ẹ́ńjìnnì dísù kò ní púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná sí epo. Afẹ́fẹ́ nìkan ló kọ́kọ́ ń fà wọlé. Písítìnnì á wá fún afẹ́fẹ́ náà pọ̀ títí àyè tó gbà yóò fi kù díẹ̀, ìdá kan nínú 16 sí ìdá kan nínú 22, bí wọ́n bá ti ṣe ẹ́ńjìnnì náà sí. Afẹ́fẹ́ tí a bá fún pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ máa ń gbóná kọjá 500°C. Ìgbà yẹn ni pọ́ǹpù á ti epo gba ẹnu nọ́sù, tí ihò rẹ̀ tín-ín-rín gan-an, epo á fọ́n ká bí ìrì, á sì gbiná fúnra rẹ̀. Bí ó bá ti fọ́n ká tó ni yóò ti jó tó. Òróró sì ki ju dísù lọ fíìfíì. Ní 40°C, kíki dísù máa ń wà láàárín 2 sí 4.5 lórí òṣùwọ̀n mm²/s. Ti òróró jíjẹ máa ń tó 35 sí 40. Òróró tútù kò lè fọ́n bí ìrì, ẹ̀kán ńláńlá ló ń jáde. Àárín ẹ̀kán náà kì í jó tán kí písítìnnì tó sọ̀ kalẹ̀. Èyí tí kò jó á di èédú lẹ́nu nọ́sù, á lẹ ríǹgì mọ́ písítìnnì, ìyókù á ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ lọ bá ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì nísàlẹ̀, á sì sọ ọ́ di ohun tó ń fà bí oje igi.

Kò sí èyí tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan nínú nǹkan wọ̀nyí, ohun tó sì ń tan ènìyàn jẹ nìyẹn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1982, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè pàdé ní Fargo, ní ìpínlẹ̀ North Dakota ní Amẹ́ríkà, lórí ọ̀rọ̀ òróró gẹ́gẹ́ bí epo ẹ́ńjìnnì. Ohun tí ìwádìí wọn fi hàn kò yàtọ̀ síra púpọ̀: fún wákàtí díẹ̀, ẹ́ńjìnnì tó ń mu òróró lásán máa ń ṣe dáadáa bíi ti dísù, tí iṣẹ́ bá wá ń pẹ́ lọ ni èédú, ríǹgì tó lẹ̀ àti ọ́ìlì tó ki á bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú, pàápàá nínú ẹ́ńjìnnì tí nọ́sù rẹ̀ ń fọ́n epo sórí písítìnnì tààrà. Nítorí náà, ẹni tó bá bu òróró sínú táǹkì tó ní òun ti wà á lọ wà á bọ̀, tí kò sì rí nǹkan kan, òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rí rẹ̀ kò tíì tó ẹ̀rí. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ooru ni oògùn kíki. Tí a bá mú òróró gbóná dé 80°C, kíki rẹ̀ á wálẹ̀ dé bí ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tó jẹ́ ní 40°C. Orí èyí ni iṣẹ́ àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe fún òróró dúró lé. Wọ́n á fi táǹkì tí ọkọ̀ bá wá sílẹ̀ fún dísù, wọ́n á de òmíràn mọ́ ọkọ̀ fún òróró. Omi gbígbóná tó ń ti inú ẹ́ńjìnnì bọ̀ ni wọ́n máa yà gba inú ọ̀pá bàbà tó lọ́ po nínú táǹkì òróró, tí yóò sì tún bá họ́ọ̀sì òróró rìn títí dé ibi fítà. Nítòsí pọ́ǹpù ni fáàfù máa ń wà, tí awakọ̀ lè yí láti ibi tó jókòó sí. Dísù ni yóò fi ṣíná sí ọkọ̀. Nígbà tí omi bá ti gbóná dáadáa, yóò yí fáàfù sí òróró. Nígbà tó bá sì ku ìṣẹ́jú mélòó kan kí ó dúró, yóò yí i padà sí dísù kí òróró inú pọ́ǹpù àti nọ́sù lè jáde tán. Ẹni tó bá gbàgbé, tó pa iná ọkọ̀ lórí òróró, òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni yóò mọ ohun tó ṣe. Ohun kan tún wà tí àwọn aláṣeyára kì í kíyè sí: epo tí pọ́ǹpù bá dá padà kò gbọdọ̀ lọ sínú táǹkì dísù nígbà tí ọkọ̀ bá wà lórí òróró, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, láìpẹ́ táǹkì méjèèjì á di òróró, kò sì ní sí dísù tí a máa fi fọ nǹkan kan.

Láti ibí yìí ni a ti lè rí ọkọ̀ tó yẹ àti èyí tí kò yẹ. Ọkọ̀ tó ń rìn díẹ̀ dúró díẹ̀ láàárín ìgboro kò ní í gbóná tó kó tó tún pa iná. Dísù ni yóò máa mu jù, àtúnṣe tí wọ́n náwó sí á kàn di ẹrù. Ọkọ̀ ìgbàlódé tí kọ̀ǹpútà ń darí pọ́ǹpù àti nọ́sù rẹ̀ kò gbà á rárá: agbára tó fi ń ti epo pọ̀ jù, ihò nọ́sù rẹ̀ kéré jù. Àwọn àgbà ọkọ̀ ló ṣe é bá ṣe, bíi Toyota Hilux tó ní ẹ́ńjìnnì 2L tàbí Land Cruiser tó ní 1HZ, nítorí pé yàrá kékeré kan ni nọ́sù wọn ń fọ́n epo sí kó tó dé orí písítìnnì, òróró sì ń rí àyè jó níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á ní katakata ló yẹ ká kọ́kọ́ fún ní òróró ní ìlú àgbẹ̀, torí pé ó ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di ọ̀sán láìpa iná. Àbá náà dùn létí. Ṣùgbọ́n Massey Ferguson ló gbòde kan ní Nàìjíríà, ẹ́ńjìnnì Perkins ló sì wà nínú púpọ̀ nínú wọn, pẹ̀lú pọ́ǹpù CAV tó ń yí roboto. Òróró tó ki ni ọ̀tá pọ́ǹpù yẹn: bí kò bá gbóná tó, ó lè ṣẹ́ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fi katakata kan ṣoṣo tí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ní dán an wò lásìkò ọ̀gbìn, kí ó yáa ti ní ọ̀rọ̀ tó máa sọ fún wọn sílẹ̀.

Òróró fúnra rẹ̀ ńkọ́? Púpọ̀ nínú òróró funfun tí a ń rà lọ́jà, ara epo pupa ni wọ́n ti yọ ọ́; apá tó máa ń dì ni wọ́n mú kúrò. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í dì bọ̀rọ̀, nígbà tí epo pupa gan-an máa ń dì nínú ìgò láàárọ̀ ọyẹ́. Àwọn ará Yúróòpù ń bá òtútù jà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Kàbà kò ní wàhálà yẹn bí ó bá jẹ́ òróró funfun ni, àmọ́ òróró tí wọ́n fi dín àkàrà láàárọ̀, epo pupa ló sábà máa ń jẹ́, a kò sì gbọ́dọ̀ da méjèèjì pọ̀. Èyí tí a bá gbà lọ́wọ́ aláàkàrà tàbí ẹlẹ́ja díndín ní omi, iyọ̀ àti èérún nínú. Dúrọ́ọ̀mù ni a máa dà á sí, a óò mú un gbóná dé bí 60°C, a óò sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan láìfọwọ́ kàn án. Ìdọ̀tí á rì. Òkè ni a ti máa bù, a kì í tú u láti ìsàlẹ̀. Aṣọ la óò kọ́kọ́ fi sẹ́ ẹ, lẹ́yìn náà fítà tí kì í jẹ́ kí ohun tó ju ìdá 5 nínú 1,000 mílímítà kọjá. Kí a tó gbà pé ó ti mọ́, a óò da ṣíbí kan sínú páànù tó gbóná: bí ó bá ń ta pàràpàrà, omi ṣì wà nínú rẹ̀, omi yẹn ni yóò sì dógùn-ún sí pọ́ǹpù lára. Bí ó bá dákẹ́ jẹ́ẹ́, ó ti ṣe tán. Iṣẹ́ ọjọ́ púpọ̀ nìyí fún kẹ́ẹ̀gì kan, ẹni tó bá sì ń fojú kéré rẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ máa ń bàjẹ́ tí á sì máa dá òróró lẹ́bi.

Àwọn kan á ní, dípò ká máa da ẹ́ńjìnnì láàmú, ká yí òróró padà. Ọ̀nà tí Chavanne tọ̀ nìyẹn, òun náà sì ni ayé ń tọ̀ jù lónìí. A óò po lítà òróró 100 pọ̀ mọ́ bí lítà mẹtanọ́ọ̀lù 20 àti kọ́síkì sódà díẹ̀. Òróró á já sí wẹ́wẹ́, gilisẹrínì á sọ̀kalẹ̀ sísàlẹ̀, ohun tó kù lókè á sì ṣàn bíi dísù, tí kíki rẹ̀ kì í ju 5 lọ. Ẹ̀rí pé ó ń ṣiṣẹ́ kò sọnù: ní Malaysia, láàárín ọdún 1980 sí 1995, wọ́n fi irú epo bẹ́ẹ̀ láti ara ọ̀pẹ dán bọ́ọ̀sì Mercedes-Benz wò títí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi rin kìlómítà 300,000. Ní Ilé-Ifẹ̀, Eriola Betiku àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti fi eérú èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà rọ́pò kọ́síkì, òróró èso olómi-òjò ni wọ́n sì lò, tí ẹnì kankan kì í jẹ. Ohun tí kò jẹ́ kí n fọwọ́ sí i fún ẹ̀yìnkùlé ni mẹtanọ́ọ̀lù. Ọtí tó dà bí omi ni, díẹ̀ nínú rẹ̀ ń fọ́ni lójú, ó sì ń pani. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, òun ló pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní agbègbè Òde-Ìrèlè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, nípasẹ̀ ògógóró tó wọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá wá ní ká lo ògógóró gan-an dípò rẹ̀, omi inú rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ọṣẹ ni yóò bá nínú ìkòkò. Ilé ẹ̀kọ́ gíga tàbí ilé iṣẹ́ tó ní ẹ̀ṣọ́ ni iṣẹ́ yìí yẹ.

A wá dé ibi tí mo ń bọ̀ látàárọ̀. Ká sọ pé aláàkàrà, ẹlẹ́ja díndín àti onídùndú mẹ́wàá ní Kàbà gbà láti máa fún wa ní lítà òróró méjì méjì lọ́sẹ̀. Lítà 20 nìyẹn. Ọkọ̀ akẹ́rù tó ń jẹ lítà 30 ní kìlómítà 100 yóò fi rin bíi kìlómítà 66. Kò lè lọ sí Ọbájànà kó bọ̀, torí kìlómítà 86 ni àlọ àti àbọ̀. Lítà òróró kan tún máa ń fi bí ìdá kan nínú ogún dín sí lítà dísù lágbára. Bẹ́ẹ̀ ni lítà méjì tí mo fi dá àbá yìí, mo rò pé mo ti lawọ́: àwọn tó ń dín nǹkan lọ́jà wa kì í da òróró nù, wọ́n ń bu tuntun lé e títí tí oúnjẹ yóò fi mu ún tán. Ẹ wá fi lítà 20 kan náà fún ẹ́ńjìnnì irú Lister, èyí tí ilé iṣẹ́ R. A. Lister ti Dursley ní England bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní nǹkan bí ọdún 1930, tí àwọn ará Íńdíà sì ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Èyí tó ní agbára ẹṣin mẹ́fà kì í yí ju ìgbà 650 lọ ní ìṣẹ́jú kan; kò kánjú, òróró ń rí àsìkò jó. Pẹ̀lú bíi lítà kan àti díẹ̀ ní wákàtí kan, yóò lọ àgbàdo tàbí rin ẹ̀gẹ́ fún wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ojú kan ló dúró sí, nítorí náà táǹkì òróró rẹ̀ lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá èéfín, kí ó máa yá a. Kò sí ewu pé ó máa kú sójú títì. Bí èédú bá sì dí nọ́sù rẹ̀, sípánà mélòó kan ni yóò tú u. Èéfín rẹ̀ á máa ta sánsán bí ìdí àkàrà, ìyẹn kò sì ṣe nǹkan fún ẹni tó ń dúró de ẹ̀gẹ́ rẹ̀.

Bí òróró bá ṣọ̀wọ́n tó báyìí, ẹnì kan á ní, ẹ jẹ́ ká gbìn ín. Wọ́n ti gbìn ín rí. Ní abúlé Garalo, ní ẹkùn Sikasso ní Mali, wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì mẹ́ta kalẹ̀ lọ́dún 2007, tí àpapọ̀ agbára wọn jẹ́ 300 kW, láti máa fi òróró làpálàpá tan iná fún ìlú. Iná tàn lóòótọ́. Àmọ́ èso kò pọ̀ tó bí wọ́n ti rò, dísù ni àwọn ẹ́ńjìnnì náà sì ń jẹ jù. Ẹ́ńjìnnì kò já wọn kulẹ̀, oko ló já wọn kulẹ̀. Nípa ọ̀pẹ, Nàìjíríà tó ti jẹ́ aṣíwájú ayé rí nínú epo pupa ń ra kún tirẹ̀ báyìí láti òkèèrè, lítà òróró tuntun kan sì sábà máa ń wọ́n ju lítà dísù kan lọ. Ẹni tó bá da òróró tuntun sínú ẹ́ńjìnnì fi owó ṣòfò, ó sì tún gbé ọwọ́ lé ọbẹ̀ ẹlòmíràn.

Àtakò mìíràn tún wà, ti ìlera; ó lágbára, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló lè gbà gé. Òróró tí wọ́n ti dín nǹkan nínú rẹ̀ léraléra máa ń dúdú, ó ń hó ìfófòó, ó ń rú èéfín kí iná tó mú. Àwọn èròjà tó ń pa ara lára ti kún inú rẹ̀, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló sì ní òfin lórí ìgbà tó yẹ kí wọ́n dà á nù. Bí ẹlẹ́rọ ìlọta bá ń fi owó gidi ra irú òróró bẹ́ẹ̀, aláàkàrà á rí ìdí tó fi yẹ kó tètè pààrọ̀ rẹ̀. Àmọ́ ohun tó bá ti lówó lórí, ẹnì kan á sẹ́ ẹ, á tún un tà fún jíjẹ. Ó ti ṣẹlẹ̀ ní China, ó sì di ìtìjú fún wọn. Ọ̀nà àbáyọ kò le: níbi tí wọ́n ti ń gba òróró náà gan-an ni kí wọ́n ti da ife dísù kan sínú kẹ́ẹ̀gì, kí ẹnu kankan má lè jẹ ẹ́ mọ́. Òfin pàápàá lè ràn wá lọ́wọ́. Ní Britain, láti ọdún 2007, ẹni tó bá ń ṣe tàbí lo irú epo yìí tí kò ju lítà 2,500 lọ lọ́dún kò san owó orí epo lórí rẹ̀. Ìyẹn ju ohun tí ẹ̀rọ ìlọta kan máa jẹ lọ dáadáa.

Àtakò ti ọṣẹ ló kù, òun ló sì ṣòro fún mi jù láti fèsì fún. Òróró àlòkù tí a ń lé kiri yìí, alọ́ṣẹ lè fi eérú sè é láìnílò táǹkì, fáàfù tàbí mẹkáníìkì, owó rẹ̀ á sì wọlé lọ́sẹ̀ kan náà. Kò sí ìdí láti bá a dù ú, torí ohun tí ẹ́ńjìnnì kò fẹ́ kò bá ọṣẹ jà. Bí òróró bá ti gbó ni kíkan rẹ̀ ń pọ̀ sí i, kíkan náà ló sì ń jẹ irin inú pọ́ǹpù. Yàrá ìdánwò ilé ẹ̀kọ́ gíráámà lè wọ̀n ọ́n: ẹ fi mílílítà òróró kan sínú mílílítà 10 ọtí isopropyl, ẹ kán phenolphthalein lé e, kí ẹ wá máa sẹ́ omi kọ́síkì, tí gíráàmù kan wà nínú lítà rẹ̀ kan, sí i díẹ̀díẹ̀ títí àwọ̀ rẹ̀ á fi pọ́n rẹ́súrẹ́sú tí kò sì lọ mọ́. Bí mílílítà 3 tàbí tó dín sí i bá tó, òróró náà ṣì yẹ ẹ̀rọ ìlọta. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí kẹ́ẹ̀gì náà máa lọ sọ́dọ̀ alọ́ṣẹ, kí wọ́n má sì tíì da dísù sínú rẹ̀.